Ìwẹ̀ Kì í Ṣe Ìwà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀bùn rí ikú ọkọ tìrọ̀ mọ́. Ó ní láti ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú ni omi kò ti kan ara òun mọ́. Òwe náà dùn, ó sì ń pa gbogbo ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, yóò rí i pé àwọn tí ó ń wẹ̀ ni ó pa á. Kò sí ẹni tí ó bi ọ̀bùn fúnra rẹ̀ léèrè bóyá odò àdúgbò ti gbẹ, bóyá ọṣẹ ti tán nílé, tàbí bóyá ọ̀fọ̀ náà wúwo lọ́kàn rẹ̀ ní tòótọ́. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹnu àwọn tí ó mọ́ nìkan ni a ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí kò mọ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà kan náà ni ó sọ pé agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, òun ni àgbà òṣìkà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ṣe é bí ẹni pé wọ́n gbé ọ̀bùn dé ilé ẹjọ́ lónìí, tí wọ́n sì fún un ní agbẹjọ́rò tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni mowó. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀ ni pé kì í wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àti pé nítorí èyí ó jẹ́ ọ̀lẹ, aláìníwà, aláìlẹ́kọ̀ọ́ àti ìtìjú ìdílé rẹ̀. Ẹ kíyè sí ẹ̀sùn náà dáadáa: orí omi ni ó ti bẹ̀rẹ̀, orí ìwà ni ó parí sí. Ibi tí ó ti fò láti orí omi dé orí ìwà yìí gan-an ni ìjà wà.

Agbẹjọ́rò dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó sì pe ẹja gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Ó ní ẹja ń wẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti dé ayé títí di ọjọ́ tí àwọ̀n mú un. Kò fi ìṣẹ́jú kan jáde kúrò nínú balùwẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń pàtẹ lọ́jà, èwo ni òórùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ wọlé bí ti ẹja? Bí ó bá jẹ́ pé ìwẹ̀ ni ó ń lé òórùn lọ, ó yẹ kí ẹja máa ta sánsán bí òdòdó. Ó pe ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í jìnnà sí omi, ṣùgbọ́n etí kò tíì gbọ́ ọ rí pé ọmọge kan ń gbàdúrà kí awọ ara òun rí bí ti ọ̀pọ̀lọ́. Ó pe ẹlẹ́dẹ̀, tí àwọn àgbà sọ pé ó ń pàfọ̀, ó rò pé òun ń ṣe oge. Nínú gbogbo ẹran ọ̀sìn, ta ni ó fẹ́ràn ìwẹ̀ tó o? Òun náà ni wọ́n sì fi ń bú ẹni tí ó bá dọ̀tí.

Lẹ́yìn èyí ni ó yí ojú sí àwọn tí kì í wẹ̀. Ewúrẹ́ a máa sá fún òjò bí ẹni tí ó rí agbowó-orí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìnáwó pàtàkì kan tí wọn kì í fi ẹran rẹ̀ ṣe àlejò lọ́lá. Adìẹ, erùpẹ̀ gbígbẹ ni ó fi ń wẹ̀. Ó ń yíràá nínú rẹ̀, ó sì ń fi lé àwọn kòkòrò tí ó wà nínú ìyẹ́ rẹ̀ lọ. Kò ra ọṣẹ, kò pọn omi, kò sì tò sídìí ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni. Agbẹjọ́rò ní bí ilé ẹjọ́ bá fẹ́ fi ìwẹ̀ díwọ̀n ìwà, ó di dandan kí wọ́n fi ẹlẹ́dẹ̀ jẹ olórí, kí wọ́n sì ti adìẹ mọ́lé.

Nígbà tí àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín tán, ó kọjú sí ìtàn. Ní ọjọ́ 13, oṣù Keje, ọdún 1793, nílùú Paris, Jean-Paul Marat, òǹkọ̀wé ìwé ìròyìn tí ó jẹ́ ògúnná gbòǹgbò nínú ìdìtẹ̀ tí ó dojú ìjọba ọba Faransé dé, wà nínú ọpọ́n ìwẹ̀ rẹ̀ nígbà tí obìnrin kan tí ń jẹ́ Charlotte Corday wọlé tọ̀ ọ́, tí ó sì fi ọ̀bẹ gún un pa. Àrùn awọ ara ni ó ń bá ọkùnrin náà jà tí ó fi máa ń pẹ́ nínú omi. Agbẹjọ́rò béèrè pé: ta ni ó ti gbọ́ ọ rí pé wọ́n ká ẹnì kan mọ́ ibi tí kò ti wẹ̀, tí wọ́n sì gún un pa? Ó mẹ́nu ba Archimedes, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìkì àtijọ́, tí ìtàn sọ pé ó wọ inú omi ìwẹ̀, tí èrò ńlá kan sọ sí i lọ́kàn, tí ó sì fò sóde ní ìhòòhò ọmọlúàbí, tí ó ń pariwo láàrin ìgboro. Àwọn tí ó fẹ́ràn ìwẹ̀ ń fi ìtàn yìí yangàn, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ṣe irú rẹ̀ lónìí, ilé wèrè ni wọn yóò wọ́ ọ lọ.

Ó tún mú ilé ẹjọ́ lọ sí Róòmù. Àwọn ará Róòmù kọ́ ilé ìwẹ̀ bí ẹni kọ́ ààfin. Èyí tí Ọba Caracalla ṣí ní ọdún 216 tóbi débi pé ògiri rẹ̀ ṣì dúró di òní. Omi ń gba orí afárá òkúta láti ọ̀nà jíjìn wá sínú ìlú kí àwọn ènìyàn lè máa wẹ̀. Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Ní ọdún 476, apá ìwọ̀-oòrùn ìjọba náà wó lulẹ̀ sí ọwọ́ àwọn tí àwọn ará Róòmù ń fojú ọ̀bùn wò. Ní ọdún 537, nígbà tí àwọn Goth dó ti ìlú náà, wọ́n gé ọ̀nà omi rẹ̀, àwọn ilé ìwẹ̀ ńlá sì di ahoro. Ìwẹ̀ kò gba Róòmù là.

Ẹlẹ́rìí tí ó wá mú kí gbogbo ilé ẹjọ́ dákẹ́ rọ́rọ́ ni bàbá kan ní orílẹ̀-èdè Iran, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Amou Haji. Ìròyìn tàn kálẹ̀ pé ó lé ní ọdún 60 tí bàbá yìí kò fi omi òun ọṣẹ kan ara, nítorí ó gbà pé àìsàn ni ìwẹ̀ yóò kó bá òun. Ní ọdún 2022, àwọn ará abúlé rẹ̀ rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà kí wọ́n wẹ̀ ẹ́. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022 yẹn, bàbá jáde láyé. Agbẹjọ́rò ìjọba fò dìde, ó ní ẹni ọdún 94 ni bàbá náà, ọjọ́ ogbó ni ó pa á. Agbẹjọ́rò ọ̀bùn tẹrí ba, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọdún 94 náà gan-an ni òun fẹ́ kí ilé ẹjọ́ kọ sílẹ̀.

Láti orí ìtàn, ó bọ́ sórí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Awọ ara ènìyàn ní òróró tirẹ̀ tí ó ń sun láti inú wá, òun ni kì í jẹ́ kí awọ gbẹ kí ó sì sán. Awọ náà a sì máa kan díẹ̀, kíkan yìí kì í sì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kòkòrò búburú ráyè gbé níbẹ̀. Ọṣẹ ni ó máa ń ba ètò yìí jẹ́. Ẹni tí ó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọṣẹ dúdú mọ̀ pé eérú èèpo kòkó tàbí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú àdín. Eérú a sì máa pa kíkan. Bí ọṣẹ ṣe ń gbá ìdọ̀tí lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbá òróró ara lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe, pàápàá ní ìhà Kwara àti Kogi nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ tí ètè gbogbo ènìyàn ń là. Wọn a fi owó ra ọṣẹ kí wọ́n lè bọ́ òróró tí Ọlọ́run fi sára wọn lọ́fẹ̀ẹ́ kúrò. Bí wọ́n bá ti jáde ní balùwẹ̀, wọn a tún fi owó ra òrí kí wọ́n lè fi òróró mìíràn rọ́pò rẹ̀. Òǹtajà kan ń rẹ́rìn-ín nídìí ọṣẹ, òǹtajà kejì ń rẹ́rìn-ín nídìí òrí, ẹni tí ó ń wẹ̀ nìkan ni ó ń gbọ̀n.

Ní ti òórùn, agbẹjọ́rò ní wọ́n ti purọ́ mọ́ òógùn. Òógùn fúnra rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní òórùn kankan; àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ó ń gbé lára awọ ni ó ń sọ ọ́ di ohun tí ń rùn, ibi tí ọ̀ràn náà sì pọ̀ sí jù ni abíyá àti abẹ́. Apá, ẹ̀yìn àti ojúgun kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó dàbí ìgbà tí ènìyàn méjì bá jà ní ìlú, tí ọba wá ní kí wọ́n na gbogbo ará ìlú. Àwọn oníṣègùn awọ ara pàápàá kò ní iye ìgbà kan pàtó tí ó di dandan kí gbogbo ènìyàn wẹ̀ lóòjọ́. James Hamblin, oníṣègùn àti akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde lórí awọ ara ní ọdún 2020, ó sì ròyìn nínú rẹ̀ bí òun ṣe jáwọ́ nínú ìwẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń wẹ̀, tí ọ̀run kò sì já. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ń gba àwọn agbẹ̀bí nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe wẹ ọmọ tuntun títí yóò fi pé wákàtí 24 ó kéré tán. Ẹ fojú inú wo ìyá àgbà Yorùbá kan tí wọ́n lọ sọ èyí fún, tí ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, tí ó gbé ọmọ tuntun lé itan, tí kànìnkànìn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ọ̀tún, tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ wẹ ọmọ náà, lẹ́yìn náà ni yóò wẹ ẹni tí ó mú ìròyìn wá.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Korobá tí ó gba lítà 20 ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, lítà 40 nìyẹn. Láàrin ọgbọ̀n ọjọ́, ó di lítà 1,200. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin nínú yàrá kan, lítà 4,800 ni wọ́n da sínú gọ́tà lóṣooṣù. Lítà omi kan sì wọn kílógíráàmù kan, nítorí náà korobá kan jẹ́ kílógíráàmù 20 lórí ẹni tí ó bá rù ú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé láti lítà 50 sí 100 ni ènìyàn kan nílò lóòjọ́ fún mímu, sísè, fífọ̀ àti ìwẹ̀ papọ̀. Ẹni tí ó bá rí 50, tí ó sì fi 40 wẹ̀, kí ni yóò fi se oúnjẹ? Nígbà tí ọ̀dá omi dé bá ìlú Cape Town ní South Africa, àwọn aláṣẹ ìlú náà pa á láṣẹ láti ọjọ́ kìíní, oṣù Kejì, ọdún 2018, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lò ju lítà 50 lọ lóòjọ́, wọ́n sì ń rọ àwọn ènìyàn pé kí ìwẹ̀ má ṣe kọjá ìṣẹ́jú méjì. Olówó àti tálákà wẹ̀ bí ológbò, kò sí ẹni tí ó pe ẹnì kejì rẹ̀ ní ọ̀bùn. Ní Nàìjíríà tiwa, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018 náà, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde pé ọ̀rọ̀ omi àti ìmọ́tótó ti di pàjáwìrì ní orílẹ̀-èdè yìí.

Ẹ wá lọ sí ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ èyíkéyìí tí omi ti ṣọ̀wọ́n. Aago mẹ́rin òru kò ní tíì lù tí korobá yóò ti tò lọ bẹẹrẹ sídìí ẹ̀rọ omi. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó yẹ kí ó máa ka ìwé rẹ̀ ń ṣọ́ korobá kí ẹnikẹ́ni má baà tì í kúrò lórí ìlà. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ní ìdánwò ń bá ẹnì kejì rẹ̀ jà nítorí omi àbọ̀ korobá. Nígbà tí ó bá di aago mẹ́jọ, gbogbo wọn á jókòó sí kíláàsì, ara wọn á máa ta sánsán, ojú wọn á máa dán. Bí olùkọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìyàtọ̀ láàrin ìpàrójẹ àti ìsúnkì, gbogbo wọn á sùn lọ fọnfọn. Wọ́n mọ́ bí ẹyin, wọ́n ń hanrun bí ẹni mu ẹ̀mu àmuyó.

Agbẹjọ́rò ìjọba kò káwọ́ gbera. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni ó kọ́kọ́ pè, ìyẹn ni imú. Imú ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ dára, ìtàn dára, ṣùgbọ́n kí agbẹjọ́rò ọ̀bùn wọ ọkọ̀ elérò 18 ní oṣù Kẹta, nígbà tí oòrùn bá ń ran bí iná, kí ó jókòó sáàrin ọ̀bùn méjì tí ó gbé apá sókè di irin ọkọ̀ mú, kí ó wá padà wá sọ̀rọ̀ lórí òróró ara. Ilé ẹjọ́ hó yèè. Lẹ́yìn náà ni agbẹjọ́rò ìjọba dẹ́kun àwàdà. Ó ní àrùn ojú kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní trachoma, tí eṣinṣin àti ojú àìfọ̀ àwọn ọmọdé ń tàn kálẹ̀, tí ó sì ń fọ́ àwọn ènìyàn lójú. Bíbọ́jú déédéé wà lára ohun tí wọ́n fi ń dènà rẹ̀. Ó ní ní ilé ìwòsàn àwọn aláboyún nílùú Vienna ní ọdún 1847, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Ignaz Semmelweis rí i pé àwọn oníṣègùn ń ti ibi tí wọ́n ti ń la òkú wò bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tí ó ń rọbí, àwọn abiyamọ sì ń kú lọ rẹpẹtẹ. Ó ní kí gbogbo wọn máa fi omi tí wọ́n po ẹfun apakòkòrò mọ́ fọ ọwọ́. Láàrin oṣù díẹ̀, ikú náà rọlẹ̀ gidigidi. Bí omi kò bá ṣe nǹkan kan, kí ni ó gba àwọn abiyamọ wọ̀nyẹn là?

Agbẹjọ́rò ọ̀bùn dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì gbà. Ó ní òtítọ́ ni. Omi kò lọ́tàá, òun kò sì bá omi jà. James Hamblin tí òun dárúkọ rẹ̀ ṣáájú, bí ó ti jáwọ́ nínú ìwẹ̀ tó, kò jáwọ́ nínú ọwọ́ fífọ̀. Ṣùgbọ́n kí ilé ẹjọ́ kíyè sí i: ọwọ́ ni Semmelweis ní kí wọ́n fọ̀; ojú ni àwọn oníṣègùn ojú ní kí ọmọdé máa bọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó gba korobá. Abọ́ omi kan tó fún ọwọ́ àti ojú. Ó ní àwọn oníṣègùn ìlú Vienna wọ̀nyẹn kì í ṣe ọ̀bùn lójú ẹnikẹ́ni. Ọmọlúàbí ni wọ́n, aṣọ wọn dára, ipò wọn ga, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni inú sì bí pé ẹnì kan lè sọ pé ọwọ́ wọn dọ̀tí. Ọwọ́ ọmọlúàbí wọ̀nyí ni ó ń pa ènìyàn. Nígbà náà ni ó ní òun ní ẹlẹ́rìí kan sí i.

Ọmọ kékeré kan ni ó wọlé, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ẹjọ́ nítorí pé irú rẹ̀ pọ̀ káàkiri. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n tò ní pápá iléèwé, wọ́n sì kọ orin ìmọ́tótó tí gbogbo ọmọ iléèwé mọ̀. Lẹ́yìn orin, tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Tíṣà tuntun ni, tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ rán wá láti fi iṣẹ́ dánrawò. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun báláú, pàṣán wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo eékánná, ó wo eyín, ó wo ọrùn. Ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà, ó ní: "Kí ló dé tí o kò wẹ̀?" Ọmọ náà wolẹ̀. Tíṣà tún béèrè. Ọmọ kò fọhùn. Tíṣà ní ọ̀bùn ni, alágídí sì ni pẹ̀lú. Pàṣán mẹ́ta bà á ní ẹ̀yìn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi orúkọ náà kọrin títí ilẹ̀ fi ṣú.

Kí ni ọmọ náà ìbá wí? Ìbá wí pé odò tí ó wà lẹ́yìn ilé àwọn ti gbẹ láti oṣù Kejì. Ìbá wí pé ìyá òun ti jí lọ pọnmi láti òru, pé korobá kan péré ni ó rí gbé bọ̀, pé ìdá kan nínú rẹ̀ ni wọ́n fi po ẹ̀kọ tí òun mu wá sí iléèwé, ìyókù sì jẹ́ ti àbúrò òun tí ara rẹ̀ kò yá. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni. Wọ́n ti kọ́ ọ nílé pé ọmọdé kì í dá àgbà lóhùn, wọ́n sì ti kọ́ ọ pé àṣírí ilé kì í jáde sóde. Ẹ̀kọ́ ilé tí tíṣà sọ pé kò ní gan-an ni kò jẹ́ kí ó gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Tíṣà tí ó nà án mọ́ lóòótọ́. Inú táńkì ilé tí ó wọ̀ sí ni omi tirẹ̀ ti ń wá.

Bí àkókò ìsinmi bá tó, àwọn ọmọ kan náà á sáré lọ sí ṣáláńgá iléèwé. Kò sí omi níbẹ̀, kò sí ọṣẹ. Láti ibẹ̀, wọn a sáré lọ ra àkàrà, wọn a sì fi ọwọ́ kan náà jẹ ẹ́. Ọmọ tí ọrùn rẹ̀ mọ́ àti ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò mọ́, ìgbẹ́ gbuuru kan náà ni yóò gbé wọn. Àwọn tíṣà kò yẹ ọwọ́ wò lẹ́yìn ṣáláńgá. Ọrùn ni wọ́n yẹ̀ wò ní àárọ̀, nítorí ọrùn ni àlejò ń rí. Ta ni ọ̀bùn nínú wọn?

Orúkọ a máa ro ọmọ. Ọmọ tí tíṣà bá pè ní ọ̀bùn lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ rí omi ní ọjọ́ Ajé tí ó ń bọ̀. Ohun tí yóò rí ni ọ̀nà ìgbẹ́. Yóò wọ aṣọ iléèwé, yóò dágbére fún ìyá rẹ̀, yóò sì jókòó sábẹ́ igi títí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi jáde. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí yóò parí sí. Bó bá jẹ́ ọmọbìnrin ni, ẹrù rẹ̀ tún wúwo jù, nítorí òun ni wọ́n máa ń rán lọ pọnmi náà kí ó tó lọ sí iléèwé. Ó pẹ́ dé nítorí omi, wọ́n nà án. Kò rí omi wẹ̀, wọ́n tún nà án.

Ìdájọ́ kò ṣòro mọ́. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ọ̀bùn ni ó wọ́, nítorí ó da ohun méjì pọ̀ tí kì í ṣe ọ̀kan. Ìmọ́tótó jẹ́ ọ̀rọ̀ omi, ọṣẹ àti ìmọ̀. Ìwà jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkàn. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀kínní díwọ̀n èkejì, àwọn tí ó ní táńkì nílé ni yóò máa dá láre títí ayé. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánrawò kọ́kọ́ béèrè ibi tí àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ ti ń pọnmi, kí ó tó béèrè ìdí tí wọn kò fi wẹ̀. Kí ó pe ọmọ tí ó dọ̀tí sí kọ̀rọ̀, kí ó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ní ibi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ti lè gbọ́, kí ó sì fún un ní omi díẹ̀ kí ó fi bọ́jú. Dípò kí pàṣán wà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, abọ́ omi, kèrègbè kan àti ọṣẹ ni kí ó wà níbẹ̀, kí gbogbo ọmọ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ṣáláńgá àti ṣáájú oúnjẹ. Kí àwọn olùkọ́ àgbà tí ó ń lọ yẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò náà wo abọ́ omi yẹn bí wọ́n ṣe ń wo ìwé ètò ẹ̀kọ́. Ní ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́, kí àwọn tí ó ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí korobá kejì wà fún ilé ìyàgbẹ́, nítorí ibẹ̀ gan-an ni imú ti ń sunkún.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Àwọn kan wà tí omi ń ṣàn lẹ́nu ọ̀nà wọn, tí ọṣẹ wà nínú àpótí wọn, tí ọyẹ́ kò fẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò kú fún wọn, tí wọ́n sì ń retí pé àwọn yóò gé àròkọ yìí, àwọn yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá, àwọn yóò sì máa fi han àwọn tí ó jọ ń gbé pẹ̀lú wọn. Kí wọ́n má wulẹ̀ yọ̀. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tú ká, agbẹjọ́rò di ọmọdé náà lọ́wọ́ mú, wọ́n sì jọ jáde. Kò bojú wẹ̀yìn wo ẹnikẹ́ni. Ọ̀bùn tí kò rí omi ni ó gbèjà. Èyí tí ó rí omi tí kò wẹ̀, ikú ọkọ ni ó tún ń tìrọ̀ mọ́.